Alùpùpù Àlòkù: Ẹ Bèèrè Ohun Tó Dá A Dúró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìdànrè àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ wa ti òní kì í ṣe ti oògùn kòkó, kì í sì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní máṣíìnì. Bí a bá ti ta kòkó ìkórè ńlá tán báyìí ni àwọn ènìyàn máa ń mú owó lọ́wọ́ tí wọ́n á máa wá máṣíìnì kiri. Tuntun wọ́n. Nítorí náà ni ojú fi ń lọ sí èyí tó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan láti ọdún 3 tàbí ọdún 10, tí adìẹ ń sùn lé lórí, tí olówó rẹ̀ sì ń wí pé, "Kò sí ohun tó ṣe é o. Epo lásán ni kí ẹ dà sí i."

Ẹ má tíì da epo sí i. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó dá a dúró. Láti ọdún púpọ̀ tí mo ti ń rin oko yín, n kò tíì rí alùpùpù tó kàn dúró lásán. Nǹkan kan ló dá a dúró, ohun náà sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba tàbí ọ̀rọ̀ ọjà ju ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ. Bí a bá tọpa bí máṣíìnì ṣe dé àárín wa, àti bí wọ́n ṣe ń dúró láti ìgbà dé ìgbà, a ó mọ ohun tó yẹ kí a wò kí a tó ka owó sílẹ̀.

Àwọn bàbá ńlá yín kò gun nǹkan kan. Orí òkè ni ìlú wà títí tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè náà, tó lé ní 600, yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ìgbà náà le. Kòkó kì í sì í hù lórí àpáta. Inú igbó ni oko wà, ní ìhà Òwènà, ní ìhà Àtọ̀sìn, títí lọ dé ìhà Òfòsú, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù wálé. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ Raleigh dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ràn òkè, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ Ìdànrè ṣe rí: títì ni èèyàn á máa tì í gòkè, tí á sì máa fà á sẹ́yìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àwọn alùpùpù tó kọ́kọ́ wá, ti Gẹ̀ẹ́sì náà ni: BSA, Triumph àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìlú Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe BSA, ilé-iṣẹ́ náà sì dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Bí ẹnikẹ́ni bá fa BSA jáde fún yín lónìí, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ kọjá lọ. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn.

Àwọn ará Japan ló sọ máṣíìnì di ti gbogbo ènìyàn. Ní 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde, kékeré, tí epo rẹ̀ kì í tètè tán. Suzuki àti Yamaha náà wọlé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, owó Udoji ló ṣí ilẹ̀kùn. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dá ìjọba Ọ̀gágun Gowon nímọ̀ràn pé kí a fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba gbà. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó tuntun ti ń wọlé, àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ sọ fún mi pé ní ọdún náà, olùkọ́ tí kò bá ra máṣíìnì, rédíò ńlá ló rà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí Honda ṣe ní 1976, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ẹlẹ́rọ wọn ti ṣàkíyèsí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa, ẹrù máṣíìnì máa ń pọ̀ jù, ọ̀nà kò dára, ẹni tó ni ín kò sì ráyè pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa bá wa wí. Wọ́n ṣe máṣíìnì tí yóò fara da ìwà wa: CG125. Dípò ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì àwọn mìíràn, tó máa ń fẹ́ àtúnṣe, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń ti fáàfù. Wọ́n sì fi ìdérí bo ṣéènì ẹ̀yìn kí ẹrẹ̀ má bàa jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà wá ṣe àwòkọ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé páàtì irú rẹ̀ kò ṣòro rí. Bí ẹ bá ní kí n yan èyí tó ṣe é jí dìde nínú gbogbo àwọn tó ti sùn, irú èyí ni mo máa yàn.

Ìdádúró ńlá àkọ́kọ́ dé ní 1982. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣòfin láti dín ọjà òkèèrè kù, ìwé àṣẹ sì ni a fi ń kó ọ̀pọ̀ nǹkan wọlé. Páàtì wọ́n bí ojú. Máṣíìnì tó ń sáré ní àná á dúró nítorí ríìngì kan tàbí ṣéènì kan. Bó bá sì ti dúró báyìí, ilé ìtajà ló dà: ẹnì kan á wá yọ kábúrétọ̀, ẹlòmíràn á yá iná iwájú tí kò ní dá a padà mọ́. Ìwà náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé páàtì ni kò sí, ẹ má ka páàtì kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ. Ẹ ka gbogbo èyí tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ti 1986 ló wá da gbogbo nǹkan rú. Ọdún yẹn ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò tí a mọ̀ sí SAP, ó sì ṣe ohun méjì tó kan àgbẹ̀ kòkó lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, ó fagi lé Bọ́ọ̀dù Kòkó. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù, lábẹ́ orúkọ kan tàbí òmíràn, ti ń dá iye tí a ó san fún àgbẹ̀. Èkejì, ó tú náírà sílẹ̀ kí ó máa bá ọjà lọ. Ní 1985, dọ́là 1 kò tó náírà 1. Nǹkan bí kọ́bọ̀ 89 ni. Ní 1987 ó ti di náírà 4. Ní 1990 ó di náírà 8, nígbà tó sì di 1992 ó ti kọjá náírà 17.

Inú àgbẹ̀ kòkó dùn ná. Ẹni tó ń ra kòkó wá ń bẹ̀ ẹ́ nínú oko, owó tó ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kan sì fò sókè ju ti ìgbà bọ́ọ̀dù lọ. (Ìgbà náà ni kòkó tútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà, nítorí pé wọ́n ń rà á bó bá ti rí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Àmọ́ dọ́là ni a fi ń ra máṣíìnì láti òkèèrè, owó rẹ̀ náà sì fò. Ohun tí àgbẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó fi ọwọ́ òsì san. Ti olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló burú jù, nítorí owó oṣù wọn kò tẹ̀ lé náírà. Ẹni tó fi owó Udoji ra Honda kò rí owó fi ra táyà fún un mọ́. Báyìí ni àwọn àgbà ṣe sọ pé máṣíìnì ṣí kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olùkọ́ lọ sí abà oníkòkó. Àwọn tí wọ́n rà nígbà náà kò dà wọ́n láàmú púpọ̀. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́ nínú wọn. Owó ni kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n, ó sì rọra gbé wọn jókòó.

Àsìkò kan náà ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, tó jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, di orúkọ ọjà àlòkù. Àsìkò náà sì ni àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi máṣíìnì gbé èrò káàkiri, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀kadà nítorí eré rẹ̀, láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ẹ fi èyí sọ́kàn: máṣíìnì tó ti gbé èrò fún ọdún 2 ti rin ìrìn ọdún 10. Bí wọ́n bá tún un kùn, ẹ wo ìtẹ̀sẹ̀ tí èrò ẹ̀yìn ń tẹ̀. Bí ròóbà rẹ̀ bá ti jẹ tán nígbà tí ti iwájú ṣì dára, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ṣe.

Irú kan tún wà tí mo mọ̀ dáadáa nítorí iṣẹ́ mi. Ní àwọn ọdún 1980, ètò ADP tí Báńkì Àgbáyé fi owó ràn lọ́wọ́ tàn káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀kọ́, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní ọjọ́ tí a ti dá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kò lè ṣe èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe pèsè alùpùpù. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé dín kù ní àwọn ọdún 1990, owó epo àti àtúnṣe dín kù pẹ̀lú rẹ̀, àwọn máṣíìnì náà sì tò sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì lóríṣiríṣi ibi. Òjò lu wọ́n, oòrùn pa wọ́n. Máṣíìnì ìjọba máa ń dára láti rà bó bá jẹ́ pé wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé gbàǹjo náà sọ́wọ́, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ bá ti ara irin mu. Bí ìwé kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Jincheng dé láti Ṣáínà àti Bajaj láti Íńdíà, tí máṣíìnì tún rọ̀ lọ́wọ́ fún ọdún díẹ̀. Ìdádúró tó súnmọ́ wa jù ni ti 2023. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, líítà epo tí kò tó náírà 200 sì kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbé máṣíìnì wọn jókòó nígbà náà pẹ̀lú èrò pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, máṣíìnì tuntun náà sì gbówó lérí, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní 1986. Ní 2025 kòkó tún já wálẹ̀. Máṣíìnì kò bá a já.

Àwọn tó dúró nítorí epo wọ̀nyí ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Wọ́n dára lójú, ṣùgbọ́n àrùn tiwọn ni epo tó ṣẹ́kù sínú wọn. Pẹtiróòlù tó bá pẹ́ máa ń dì bí oje igi, á sì dí ihò wẹ́wẹ́ inú kábúrétọ̀. Táńkì tí epo rẹ̀ kò kún máa ń dípẹtà láti inú. Ẹ ṣí ìdérí táńkì kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ọ̀dà ìkunlé, epo náà ti kú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ẹ má tan ìṣáná o.

Bí ẹ bá wá fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò, ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ kíìkì, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń lọ tó sì ń ta kò yín díẹ̀, písítìnì kò tíì lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Bó bá le gbagidi, ẹ dá a dúró níbẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta irin àlòkù fún àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni kí ẹ dá lé e, tàbí kí ẹ máa lọ. Mo rí àgbẹ̀ kan ní ìhà Aládé tó ra Honda tó ti dúró fún ọdún 6. Bí wọ́n ti san owó tán ni àwọn ọmọ rẹ̀ tì í ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì ki jíà bọ̀ ọ́. Ó jí lóòótọ́. Kò tó ìdajì wákàtí tí èéfín funfun fi bo gbogbo wọn. Ìpẹtà ara sílíńdà ti fa písítìnì ya, ríìngì ti ṣẹ́, owó àtúnṣe náà sì ju iye tó ra máṣíìnì lọ. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, oṣù 10 ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí à bá ṣe kò pọ̀. Kí a yọ pílọ́ọ̀gì, kí a kán ọ́ìlì tó kún ṣíbí kékeré kan sínú sílíńdà, kí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà kí a tú ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Honda 125 kò gbà ju nǹkan bíi líítà 1 lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ́ìlì wọ́n. Ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ fi epo tuntun fọ̀ ọ́, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ ihò rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ti fẹ́ fi wáyà gún ihò náà, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí ihò bá ti fẹ̀ sí i, epo yóò máa ṣòfò títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ti táńkì, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ ṣan án títí yóò fi mọ́. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yẹ inú fíítà atẹ́gùn àti ẹnu sáléńsà wò. Agbọ́n àti eku ti sọ ibẹ̀ di ilé.

Suzuki 100 àtijọ́ àti Jincheng AX100 tó fara jọ ọ́ yàtọ̀. Ọ́ìlì ni wọ́n ń mu pẹ̀lú epo. Nínú ẹ́ńjìnnì wọn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ròóbà wà tó ń dí atẹ́gùn. Bí máṣíìnì bá pẹ́ ní ìdúró, ròóbà náà á gbẹ, á sì sán. Atẹ́gùn á wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa sáré fúnra rẹ̀, á gbóná, á sì lẹ̀. Bí irú èyí bá ti dúró ju ọdún 2 lọ, ẹ fi owó ròóbà méjèèjì kún iye tí ẹ ń rò. Pọ́ǹpù ọ́ìlì rẹ̀ náà kò ṣe é gbọ́kàn lé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ fi ọwọ́ po ọ́ìlì mọ́ epo ná, líítà 1 sí líítà 20, títí mẹkáníìkì yóò fi rí i pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́.

Nípa bíréèkì, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Máṣíìnì tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Èyí tó jí dìde, tí ẹ di àpò kòkó lé lẹ́yìn, tó wá ń sọ̀kalẹ̀ ní òkè pẹ̀lú bíréèkì tó ti gbẹ, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ tú táyà méjèèjì sílẹ̀, ẹ wo bàtà bíréèkì. Bí awọ rẹ̀ bá ti ń ṣí kúrò lára irin, ẹ jù ú nù. Ẹ pààrọ̀ wáyà bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà tó bá ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé, kò yẹ kí ó gun ọ̀nà oko.

Ó ku ohun kan tó máa ń dá máṣíìnì dúró, tí kò kan ìjọba tàbí ọjà. Ikú ni. Bàbá kú, máṣíìnì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kò tíì pín ogún. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á pe àgbẹ̀ kan sí kọ̀rọ̀. Ẹ bi í báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dá máṣíìnì yìí dúró?" Bó bá dáhùn pé, "Ti bàbá wa ni, wọn ò sí mọ́," ẹ kí i kú àṣẹ̀yìndè, kí ẹ sì bèèrè àgbà ilé. Owó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín àfi níwájú àgbà náà àti àwọn ọmọ yòókù. Kí ẹ kọ rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù, kí gbogbo wọn fi ọwọ́ sí i, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá wà ní Èkó, ẹ dúró kí ó dé.